Lẹ́tà Tó Ń Fi Iṣẹ́ Rere Pamọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mò ń parí PhD mi lórí àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá. Assistant Lecturer ni mí níbẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń kọ í-meèlì sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lókè òkun pé kí wọ́n gbà mí fún fẹ́lóṣíìpù (owó àti àyè láti ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wọn), ẹnikẹ́ni ò fèsì. Àwọn àgbà ẹ̀ka wa ní kí n jókòó ti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n má jókòó. Mo ní ọkọ àti ọmọ méjì. Mo so ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tí mo kọ mọ́ ọn, pẹ̀lú ìsọníṣókí iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ń ṣe é ṣì? Ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n dúró? (Ònkàwé kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin. Mo ka lẹ́tà náà, mo sì ka ìsọníṣókí iṣẹ́ yín. Iṣẹ́ yín dára gan-an. Lẹ́tà yín ló fi iṣẹ́ náà pamọ́, tí ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí kò fi rí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, tí a bá dá a padà sí Yorùbá: "Ọ̀jọ̀gbọ́n tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera pípé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kára tó sì fẹ́ràn ìmọ̀ ni mí, láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Mò ń wá àǹfààní fẹ́lóṣíìpù lábẹ́ àbójútó yín, mo sì gbà pé oore ńlá ni yóò jẹ́ fún mi." Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi kọ ọ́, àmọ́ ilé wa ló ti wá. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í dé ọ̀dọ̀ àgbà ká bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu wa láìkí i, láìbéèrè ará ilé. Ìwà tó dára ni, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń wọlé sí àwọn èèyàn wọ̀nyí látọ̀dọ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, lemọ́lemọ́, orúkọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀. Ìlà bíi mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà. Tí wọn ò bá rí ohun tó kan iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀, wọ́n ti lọ sórí lẹ́tà tó kàn.

Ẹ wá wo ìpínrọ̀ kẹta lẹ́tà yín, lápá ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti wá sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì pé ẹ já ewé ẹ̀gẹ́ lóko àwọn àgbẹ̀, lásìkò òjò àti lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, pé ẹ bá fáírọ́ọ̀sì méjì nínú ewé kan náà, àti pé oko tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń kọ̀ láti dàgbà jù. Arábìnrin, ìyẹn gan-an ni lẹ́tà náà! Gbogbo ohun tó kù lè tẹ̀ lé e. Tí èmi bá ni mo máa kọ ọ́, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá, nínú ìwádìí tí ẹ tẹ̀ jáde lórí àrùn ewé ẹ̀gẹ́, ẹ sọ pé ewé tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá kò pọ̀ tó lọ́wọ́ yín láti mọ̀ bóyá àwọn fáírọ́ọ̀sì tó jọ ń gbé inú ewé kan ń pààrọ̀ apá kan ara wọn. Mo ní irú ewé bẹ́ẹ̀. Mo já wọn lóko àgbẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògùn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọjọ́, oko, àti irú ẹ̀gẹ́ tó jẹ́. Ohun tí mi ò ní ni ẹ̀rọ tó máa ka DNA wọn tán látòkè délẹ̀. Ṣé ẹ máa fẹ́ ká jọ kọ ìwé ìbéèrè sí Àjọ Humboldt lórí ọ̀rọ̀ yìí? Mo ti ṣàlàyé èrò mi sí ojú ewé kan tí mo so mọ́ ọn. Oṣù díẹ̀ sí i ni mo máa gba PhD mi."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Humboldt jẹ́ àjọ kan ní Jámánì tó ń fún àwọn olùwádìí ní fẹ́lóṣíìpù. Màá padà sórí rẹ̀.) Ìkíni kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì sí àrífín nínú ẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí níbi tí ẹ ti pe ara yín ní òṣìṣẹ́kára. Àwọn ewé yẹn ti sọ ọ́ fún un. Ẹ sì rí i pé ẹ ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lásán. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, oko wà lọ́dọ̀ yín. Lẹ́tà tó bá jẹ́ kí ó rí èyí láàárín ìṣẹ́jú kan ló máa ń gbèsì. (Ẹ má kàn ṣèlérí ewé fún un o, láìwádìí ohun tí òfin sọ. Ewé tó bá máa jáde ní Nàìjíríà nílò ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ NAQS, àwọn aláyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn. Orílẹ̀-èdè tó ń gbà á náà ní òfin tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó kó o sínú àpò.)

Òun ni mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè pé ìkéde kọ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ máa wá kiri. Èèyàn ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fẹ́lóṣíìpù tó lórúkọ ni kò ní gba ìwé yín rárá tí kò bá sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti gbà láti gbà yín sí láàbù rẹ̀. Àwọn tó ń kọ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó wá ẹni náà ti fi ìdí síwájú, wọ́n fi orí sẹ́yìn.

Ibo lẹ ti máa rí i? Ẹ ṣí ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ yín, níbi tí ẹ to orúkọ àwọn tí ẹ ka iṣẹ́ wọn sí. Orúkọ tó bá ń padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àrùn ẹ̀gẹ́, ayé ò tóbi púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ DSMZ, tó ń tọ́jú àwọn kòkòrò àìfojúrí fún ìwádìí, wà ní ìlú Braunschweig ní Jámánì, ẹ̀ka kan sì wà níbẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì ẹ̀gẹ́ Áfíríkà tipẹ́. Natural Resources Institute ti Yunifásítì Greenwich wà ní Chatham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ló darí iṣẹ́ ńlá kan lórí kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, èyí tó ń gbé àrùn náà láti ewé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ sì má fi ojú tẹ́ńbẹ́lú èyí tó wà nítòsí: IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí ohun ọ̀gbìn, ti wà nílùú Ìbàdàn láti 1967, iṣẹ́ tí wọ́n sì ti ṣe lórí ẹ̀gẹ́ kò kéré. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwádìí tó ti IITA jáde, àwọn ará Braunschweig àti Chatham ti rí orúkọ náà kí lẹ́tà rẹ̀ tó dé. Ẹ lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹ béèrè ìbéèrè níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín lójú.

Humboldt ni màá fi ṣáájú fún ẹ̀yin, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Bonn ní Jámánì ni ọ́fíìsì àjọ náà wà. Wọn kì í pín ipò fún orílẹ̀-èdè kan ju òmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pín in fún ẹ̀kọ́ kan ju òmíràn lọ. Ẹni tí kò tíì ju ọdún 4 lọ tó gba PhD lè kọ̀wé ní ipò postdoc, ìyẹn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí PhD. Ẹni tí ó ti kọjá ìyẹn àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 12 ní ọ̀nà tirẹ̀. Postdoc lè lo oṣù 6 sí 24. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn. Ìgbàkígbà lèèyàn lè kọ̀wé, ìgbìmọ̀ wọn sì máa ń jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, èsì sì máa ń tó oṣù 4 sí 7 kó tó jáde. Ìlànà iṣẹ́ tí ẹ máa kọ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé 5 lọ. Mo fẹ́ràn èyí fún ìyá ọlọ́mọ tó ń kọ́ni tó sì ń parí àpilẹ̀kọ, torí ẹ lè kọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, kì í ṣe nígbà tí kàlẹ́ńdà àwọn ẹlòmíràn bá pàṣẹ.

Ojú ewé márùn-ún yẹn ṣòroó kọ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àṣìṣe tí mo máa ń rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa máa ń fi ojú ewé mẹ́ta sọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ṣe pàtàkì tó fún Áfíríkà, iye èèyàn tó ń jẹ ẹ́, bí ebi ṣe ń pa ayé. Ẹni tó máa ka ìwé yín mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìbéèrè kan tí a ò tíì rí ìdáhùn sí, bí ẹ ṣe máa wá ìdáhùn náà, ohun tí ẹ máa ṣe ní oṣù kẹta tí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ bá já sí asán, àti ìdí tó fi jẹ́ láàbù yẹn gan-an ló yẹ ní síṣe rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan tó fún ebi ayé. Ẹ fi ìyókù sọ iṣẹ́ yín.

Èkejì ni fẹ́lóṣíìpù Marie Skłodowska-Curie ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lè kọ̀wé. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń pa ìwé dé, oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni èsì máa ń jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba PhD kí ọjọ́ tí wọ́n máa pa ìwé dé tó pé. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ju oṣù 12 lọ, láàárín oṣù 36 tó ṣáájú, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ fẹ́ lọ. Òfin yẹn ló máa ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ti ń gbé Yúróòpù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ó rọ̀ yín lọ́rùn. Lójú àwọn tó ń fún ìwé náà ní máàkì, ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ gba ìdá 50 nínú 100, àǹfààní tó máa ti ibẹ̀ wá gba 30, ètò bí ẹ ṣe máa ṣe é gba 20. Ní 2024, ìwé 10,360 ló wọlé, èèyàn 1,696 ló rí i gbà. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí wọn ò mú kì í ṣe òpè, àti pé ìwé kan tí ẹ kọ fún Humboldt ẹ lè tún un ṣe fún wọn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ bá wọn kọ ọ́, láti nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹfà, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀ lórí EURAXESS, ìkànnì Yúróòpù fún àwọn olùwádìí. Ẹ ka ìwé ìlànà ọdún tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, torí wọ́n máa ń tún òfin ṣe.

Àwọn ọ̀nà míì wà. JSPS, àjọ tó ń ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí ní Japan, ń gba ẹni tí PhD rẹ̀ kò tíì ju ọdún 6 lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa gbà yín ní Japan ló sì máa fi ìwé ránṣẹ́. Àwọn yunifásítì South Africa náà máa ń gba ọ̀pọ̀ postdoc. Ti Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹjọ sí ìkọkànlá ni ìkéde iṣẹ́ olùkọ́ máa ń pọ̀ jù fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ físà ibẹ̀ le lásìkò yìí. Ní oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọ́n gbé owó $100,000 lé ìwé H-1B tuntun lórí, ìyẹn físà iṣẹ́ tí yunifásítì ń lò láti gba àlejò. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin.

Ẹ jẹ́ kí n fi gbólóhùn kan ranṣẹ́ sí àwọn ònkàwé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èdè àti àṣà wa, torí wọ́n máa ń rò pé àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n ń pè. Ètò FLTA ti Fulbright, tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé owó rẹ̀, máa ń mú olùkọ́ lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà láti kọ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ní Bayreuth ní Jámánì, níbi tí Ulli Beier ti dá Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1981, ìwádìí lórí Áfíríkà jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe orúkọ, Yunifásítì Èkó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà mẹ́rin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Africa Multiple. Ẹ wò ó dáadáa.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ àyè sí yín, ẹ má sì tijú: ṣé owó oṣù ni àbí owó ìgbọ́bùkátà? Wọ́n jọ ń wọ àpò kan náà ni, àmọ́ wọn ò rí bákan náà. Humboldt ń san owó ìgbọ́bùkátà. Ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ò san owó orí lórí rẹ̀, ẹ ò sì ní owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀. Wọ́n ń ṣèrànwọ́ fún ọkọ tàbí aya àti ọmọ tó bá bá yín lọ, wọ́n sì ń ràn yín lọ́wọ́ lórí ìbánigbófò ìlera. Marie Curie sábà máa ń sọ yín di òṣìṣẹ́ yunifásítì pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Wọ́n máa yọ owó orí, wọ́n sì máa yọ owó ìfẹ̀yìntì. Ní South Africa, owó tí wọ́n ń fún postdoc dà bí owó ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́: kò sí owó orí, kò sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò béèrè èyí máa ń wo iye tó wà lórí ìwé, á sì máa fi wé ti ẹlòmíràn láìmọ ohun tí wọ́n máa yọ nínú ẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé postdoc kì í ṣe ilé. Ní Jámánì fúnra rẹ̀, òfin kan wà tó sọ pé yunifásítì ò gbọ́dọ̀ máa gba èèyàn sí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ títí lọ: ọdún 6 kí ó tó gba PhD, ọdún 6 lẹ́yìn ẹ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ti òde wá. Àwọn ọmọ Jámánì gan-an fárí gá ní 2021, wọ́n ń fi orúkọ "Hanna" kígbe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé iṣẹ́ ayérayé ò tó èèyàn. Tí ọmọ onílé bá ń ké báyìí, àlejò ní láti mọ ibi tó ń tẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé àwọn àgbà ẹ̀ka yín ò purọ́. Iṣẹ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí he. Yunifásítì ò kàn lè gba èèyàn bó ṣe wù ú, ó ní láti gba àṣẹ ìjọba, nígbà míì àṣẹ náà á pẹ́ kó tó dé. Ẹ ti wà nínú ẹ̀ ná. PhD yín máa ṣí ọ̀nà Lecturer II, ẹ ó máa gòkè lọ sí Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, títí dé ọ̀jọ̀gbọ́n, ipò tí òfin gbà láyè láti ṣiṣẹ́ dé ọmọ 70 ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ yín náà ò purọ́. Láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ASUU wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ìjọba sì di owó oṣù mú. Àfi nígbà tó di oṣù kẹwàá 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n san oṣù mẹ́rin nínú ẹ̀. Mo mọ àwọn olùkọ́ tó ta mọ́tò wọn lọ́dún yẹn. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má wo òde.

Èrò mi ni pé kí ẹ lọ, kí ẹ má sì fi ipò yín sílẹ̀. Ẹ gba ìsinmi iṣẹ́ kí ẹ tó gbéra, kó wà nínú ìwé, kí Rẹ́jísírà fọwọ́ sí i. Ẹ wo ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ PhD: tí TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tàbí yunifásítì yín bá ti ná owó lórí ẹ̀kọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣèlérí iye ọdún tí ẹ máa fi sìn wọ́n padà. Ẹni tó bá sá lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí ọ̀gá tí wọ́n bá ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí mo ti rí àwọn ọmọ rere tí àyè bọ́ mọ́ lọ́wọ́ nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe.

Ohun kan tún wà tó lè ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀: lẹ́tà ẹ̀rí tí àwọn ọ̀gá yín máa kọ. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn, mo sì ti ka irú èyí níbẹ̀: "Mo ti mọ arábìnrin yìí fún ọdún púpọ̀. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í pẹ́ lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un." Nílé wa, ìyìn tó ga jù lọ nìyí, torí pé ó jẹ́rìí pé ọmọlúàbí lẹni náà. Níwájú ìgbìmọ̀ yẹn, òfìfo ni. Wọn ò rí ohun kan tí ẹ ṣe nínú ẹ̀. Wọ́n á fi wé ti ọmọ ibòmíràn tí ọ̀gá rẹ̀ kọ ojú ewé méjì lórí ìwádìí kan ṣoṣo, wọ́n á sì rò pé ọ̀gá yín ń fi ọgbọ́n pa nǹkan mọ́ nípa yín ni.

Ẹ lọ bá ọ̀gá yín lásìkò, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ mú ojú ewé kan dání tí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sí. Ẹ sọ pé ẹ kàn fi ń rán an létí ni. Ìsọníṣókí yín sọ pé nígbà tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège tí ewé fẹ́ bàjẹ́ nínú fìríìsà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi silica gel, hóró wẹ́wẹ́ tó ń fa omi mu, mú ewé náà gbẹ, DNA wọn ò sì bàjẹ́, àti pé ọ̀nà yẹn ni gbogbo láàbù ń lò báyìí. Kí ọ̀gá yín kọ ìyẹn! Kí ó sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí láàbù ì bá ti pàdánù. Tí ó bá sọ pé kí ẹ kọ ọ́ kí òun kàn fọwọ́ sí i, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ohùn tirẹ̀ kún un. Àwọn tó ń kà á máa ń mọ̀ tí ọwọ́ kan náà bá kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ẹ sì wá ẹni kan, ó kéré tán, tí kì í ṣe ará ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹni kan ní IITA tó ti rí iṣẹ́ yín yóò dára.

Ọjọ́ náà ń lọ o. Gbogbo òǹkà ọdún tí mo sọ lókè ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí PhD yín jáde. Ìwé ẹ̀rí gidi lè máà tẹ̀ yín lọ́wọ́ títí ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, tó lè pẹ́. Tí Sẹ́nétì yunifásítì yín bá ti fọwọ́ sí èsì yín, ẹ lọ gba lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ìwé gíga ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD, kí ọjọ́ sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ẹ béèrè fún transcript lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, torí gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń pẹ́. Ẹ sì fi ìwádìí kan tó dára ránṣẹ́ sí jọ́nà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń kà nítòótọ́, kó tó di pé ẹ kọ fọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé nílé wa iye ìwé ni wọ́n ń kà fún ìgbéga, ó sì ń ti àwọn ọmọ sínú jọ́nà tó ń gba owó lónìí tó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́la. Ìgbìmọ̀ Humboldt máa wo ohun tó wà nínú ìwé yín, wọ́n sì mọ àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀. Owó náà ò ní padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí fẹ́lóṣíìpù kan nínú àwọn tí mo dárúkọ tó ń gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó "ìforúkọsílẹ̀" lórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́.

Ti ọkọ yín àti àwọn ọmọ: ẹ má fi í pamọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá gbà yín, ẹ má sì fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Nígbà tí ó bá ti gbà, tí ẹ bá ń ṣètò oṣù tí ẹ máa dé, ẹ sọ fún un pé ẹ máa mú ìdílé wá, kí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àlejò ní yunifásítì náà bá yín wá ilé àti ilé-ìwé. Físà ìdílé lè pẹ́ ju tiyín lọ. Mo ti rí i tí ìyá lọ ní oṣù kẹta tí àwọn ọmọ ò dé títí oṣù kẹsàn-án, ó sì le fún gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ bá ọkọ yín jókòó kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó lọ, ẹ fẹnu kò lórí bóyá gbogbo yín lẹ jọ ń lọ ni àbí ẹ̀yin nìkan lẹ kọ́kọ́ ń lọ fún oṣù mẹ́fà, ta ni yóò wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, àti ohun tí òun náà máa fi iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún lẹ́tà náà kọ, ẹ yan orúkọ mẹ́ta péré nínú ẹ̀yìn àpilẹ̀kọ yín, kí ẹ sì ka ìwádìí tuntun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe kí ẹ tó kọ sí i. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi í lọ. Màá kà á.